Màmá ń bi mí nípa Adira: kí ni kí n sọ?

Àjọkẹ́ Mọ́kọ́lá

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà.

Màmá àgbà mi ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Mọ́kọ́lá láti ìgbà tí ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì. Wọ́n fẹ́ràn tẹlifíṣọ̀n ju oúnjẹ lọ. Wọ́n wà ní Ìbàdàn nígbà tí Awólọ́wọ̀ gbé tẹlifíṣọ̀n wá ní 1959, wọ́n sì máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé àwọn ló bá wọn ri òpó rẹ̀. Ní alẹ́ Sátidé, tí iná bá wà, mo máa ń gbé kọ̀ǹpútà síwájú wọn, a ó jọ wo Star Trek: Discovery, eré Amẹ́ríkà nípa àwọn tó ń fi ọkọ̀ rìn láàárín ìràwọ̀. Èmi ni mò ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá bó ṣe ń lọ.

Ohun tí mo rò pé yóò le ni kò le. Nínú apá kẹta, èyí tó jáde ní 2020, ọmọ kan wà tó ń jẹ́ Adira. Ẹ̀dá kan tí wọ́n ń pè ní Tal ń gbé inú ikùn rẹ̀. Tal yìí ti gbé inú ọ̀pọ̀ èèyàn rí, ìrántí gbogbo wọn sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. N kò tíì sọ ọ́ tán tí Màmá fi ní, "Babátúndé náà nìyẹn." Gray, olólùfẹ́ Adira tó ti kú, Adira nìkan ló ń rí i. Mo ní àkúdàáyà ni. Màmá ní rárá, àkúdàáyà kì í dúró sílé, ibi tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n ló máa ń lọ; ẹ̀mí Gray ni kò tíì fẹ́ lọ. Mo gbà fún wọn.

Ibi tí mo ti ṣìṣe rèé. Adira bá Stamets, ọ̀gá rẹ̀, sọ̀rọ̀ pé "she" tí wọ́n ń pe òun kò bá òun mu látìbẹ̀rẹ̀, "they" ni kí wọ́n máa lò, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ẹni tí kò ka ara rẹ̀ mọ́ akọ tàbí abo. Ọ̀fun mi gbẹ. Mo ní, "Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni wọ́n ń sọ, mà." Yorùbá sì bá mi bo àṣírí, nítorí "ó" ni mò ń lò tẹ́lẹ̀, "ó" náà ni mò ń lò lọ. Àmọ́ Màmá wo ojú ọmọ náà, wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wo ló ń mú ojú èèyàn rí báyìí?"

Ó ń dùn mí. Ọ̀rẹ́ mi kan láti ilé ìwé ló fún mi ní eré yìí nínú fíláàṣì. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ jọ ti Adira, n kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní ọjọ́ tí òun rí ibẹ̀ yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta lòun dá a padà. Èmi wá sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Bùrọ̀dá mi ní kí n fi arúgbó sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Báwo lẹ ṣe máa túmọ̀ ibẹ̀? Tí mo bá ní "wọ́n", ṣé kò ní dà bí ẹni pé Adira ti di ìyá àgbà?

Bàbá Olùkọ́

Àjọkẹ́, má lo "wọ́n" o. Màmá yóò bi ọ́ ìgbà tí ọmọdé yẹn gba oyè.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì, tó bá fẹ́ tọ́ka sí ẹnì kan lẹ́ẹ̀kejì, ó sábà máa ń sọ bóyá akọ ni tàbí abo. Tiwa, ẹni tó dàgbà ju ẹnì kejì lọ la kọ́kọ́ máa ń wò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí kọ ìwé odindi lé e lórí ní 1997. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí Adira ń bẹ̀bẹ̀ fún, "ó" wa ti fún un tẹ́lẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ yẹn gan-an ni kí o túmọ̀: "Ó ní kí wọ́n má ka òun mọ́ ọmọbìnrin mọ́, kò bá òun lára mu." Ó tán.

Ìyá Ìbejì Challenge

Ẹ tiẹ̀ ń ṣe bí ẹni pé ó tuntun létí Màmá! Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan wà nílé ọkọ mi, obìnrin ni, "ọkọ mi" ni mò ń pè é láàárọ̀ lálẹ́. Ṣé ẹnikẹ́ni ti mú mi lọ sí tẹ́ṣàn?

Bàbá Olùkọ́

Ìyẹn yàtọ̀, ìyá. Ọkọ ilé nìyẹn, ẹni tí o bá nílé ni. Kò sí ẹni tó sọ pé ọmọ náà kì í ṣe obìnrin.

Àlàbí Ọ̀yọ́

Ẹlẹ́gùn Ṣàngó ńkọ́? Ọkùnrin ni, ó dirun, ìyàwó òrìṣà ni wọ́n ń pè é.

Bàbá Olùkọ́

Ó dirun fún Ṣàngó. Tó bá délé, bàbá làwọn ọmọ rẹ̀ ń pè é. Ẹ má fi aṣọ baba ńlá wa rán ẹ̀wù fún Adira, kò ní bá a mu dáadáa. Ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀.

Ìyá Ìbejì Challenge

Ẹ ti le jù, sà. 😂

Táyé Bódìjà

Ẹ jẹ́ kí èmi tí mo ti ń wo Star Trek tipẹ́ dá sí i. Blu del Barrio tó ṣe Adira, ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ náà ni: òun náà kò ka ara rẹ̀ mọ́ akọ tàbí abo. Nígbà tí wọ́n gbà á síṣẹ́, kò tíì sọ fún ẹbí rẹ̀. Ìyẹn ló fà á tí wọ́n fi jẹ́ kí Adira náà pẹ́ kó tó sọ. Ian Alexander tó ṣe Gray, transgender ni òun náà, ìyẹn ẹni tí akọ tàbí abo tí wọ́n kà á sí nígbà ìbí kò bá a mu. Nítorí náà, ojú tí Màmá rí yẹn, mi ò rò pé eré lásán ni. Màmá ríran ju ẹ̀yin tí ojú yín dá lọ.

Kí àwọn yìí tó dé, Jadzia Dax la ní, nínú Deep Space Nine, eré Star Trek mìíràn tó bẹ̀rẹ̀ ní 1993. Jadzia ni obìnrin náà, Dax ni ẹ̀dá inú rẹ̀, bíi Tal. Dax ti gbé inú ọkùnrin rí, ó ti gbé inú obìnrin rí. Curzon tó gbà á ṣáájú Jadzia, ọkùnrin ni. Àwọn òǹkọ̀wé kò pe Jadzia ní transgender, àmọ́ àwọn tó jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí ara wọn nínú rẹ̀, wọn ò sì tíì yé dúpẹ́ títí dòní. Sisko, ọ̀gá Jadzia, ṣì ń pè é ní "àgbà ọkùnrin", bó ṣe ń pe Curzon. Kor ni mo fẹ́ràn jù, arúgbó jagunjagun tó ti mutí yó, ọmọ ẹ̀yà Klingon inú eré náà. Ó pe Dax ní Curzon. Dax ní Jadzia lòun báyìí. Kor kò béèrè ìdí, orúkọ tuntun náà ló fi kí i, inú rẹ̀ sì dùn bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo ti wo ibẹ̀ yẹn àìmọye ìgbà.

Tí ẹ bá parí èyí, ẹ wá apá kẹrin eré Supergirl, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2018. Nicole Maines, transgender, ló ṣe Nia Nal. Agbára àlá rírí ni ìyá máa ń fi sílẹ̀ fún ọmọ obìnrin nínú ẹbí wọn. Ẹ̀gbọ́n Nia ti ń múra sílẹ̀ fún un látọmọdé, Nia ni agbára náà wá bà lé. Ẹ̀gbọ́n fi ìbínú sọ̀rọ̀ burúkú sí i. Ọ̀rọ̀ ogún! Màmá kò ní sùn lọ́jọ́ náà.

Délé Ìdí-Ìkàn

Èmi ò fara mọ́ ọn, ẹ̀sìn mi kò gbà á. Àmọ́ ẹni tó bá ń túmọ̀ fún afọ́jú, kó túmọ̀ ohun tí wọ́n sọ. Màmá yóò fúnra wọn pinnu.

Ọmọ Agodi

Àjọkẹ́, pa ibi tí o ti sọ ti ọ̀rẹ́ rẹ rẹ́. A pọ̀ níbí.

Àjọkẹ́ Mọ́kọ́lá

Ẹ ṣé, Ọmọ Agodi. Kò sẹ́ni tó lè dá a mọ̀ níbẹ̀, mo ti bi í kí n tó kọ ọ́.

Ẹ gbọ́ o. A wò ó lálẹ́ àná. Mo dá a padà sí ibẹ̀, mo ní, "Màmá, mo parọ́ fún yín lọ́jọ́sí." Mo wá sọ ọ́ bí Bàbá Olùkọ́ ṣe ní kí n sọ ọ́. Wọ́n dákẹ́ títí. Wọ́n ní, "Ọ̀gá rẹ̀ ńkọ́, kí ló fèsì?" Mo ní ó gbà bẹ́ẹ̀ láìjanpata. Wọ́n ní, "Ó káre." Wọ́n tún ní, "Ọkọ rẹ̀ dókítà yẹn ńkọ́, ṣé ó ti gbọ́?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò sọ fún Màmá rí pé ọkọ Stamets ni Culber. Ọ̀rẹ́ ni mo pè é látọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní àwọn mọ̀, pé ọ̀rẹ́ wo ló ń bá ọ̀rẹ́ sun yàrá kan láti apá kìíní.

Ibẹ̀ la wà tí wọ́n fi mú iná lọ. Táyé, ta ló ní Supergirl nínú fíláàṣì?