Ṣé ká kó lọ sí Òkìnní báyìí, àbí ká ṣì dúró?

Ìyá Ìbejì:
Ẹ̀yin ará Òṣogbo, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ilé tí èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ń kọ́ ní Òkìnní, lójú ọ̀nà Ìlobùú, a ti kan páànù, yàrá méjì ti ní ilẹ̀kùn. A ò tíì rẹ́ ògiri, kò sí kànga, póòlù iná ò sì tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Oṣù tó ń bọ̀ ni owó ilé wa ní Ìgbọ̀nà máa tán, lánlọ́ọ̀dù sì ti fowó lé e. Bàbá Ìbejì ní ká kó lọ bẹ́ẹ̀. Ọjà Ọba ni ìsọ̀ mi wà, aago mẹ́jọ alẹ́ ni mo máa ń palẹ̀ mọ́. Nígbà tí a lọ síbẹ̀ ní Sátidé, àgbàdo lọ́tùn-ún, ẹ̀gẹ́ lósì. Ó wù mí o, irọ́ ò sí ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n tílẹ̀ bá ṣú ńkọ́?

Bàbá Ọ̀fàtẹ̀dó:
Ẹ kó lọ. Pákó ni mo fi dí fèrèsé tèmi fún ọdún méjì. Owó ilé yẹn, kànga ni kí ẹ fi gbẹ́. Àmọ́ ẹ má gbẹ́ ẹ lásìkò òjò! Oṣù Kẹsàn-án ni mo gbẹ́ tèmi, kíá la kan omi, mo ń yọ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejì, ó gbẹ táútáú. Mo tún pe agbẹ́kànga padà, mo sanwó lẹ́ẹ̀mejì. Inú ẹ̀ẹ̀rùn gan-an, nígbà tí omi ti lọ sílẹ̀ tán, ni kí ẹ gbẹ́ ẹ.

Oníbíríkì:
Bàbá sọ òótọ́. Kí ṣọ̀ọ́káwè, ìyẹn kòtò tí omi ilé ìyàgbẹ́ ń dà sí, sì jìnnà sí kànga, ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà 100. Bí ilẹ̀ yín bá dà sápá kan, òkè ni kí kànga wà. Ẹ béèrè ibi tí ṣọ̀ọ́káwè aládùúgbò wà pẹ̀lú, ìyẹn làwọn èèyàn kì í rántí.

Màmá Àgbà:
Ọmọ mi, má tíì lọ. Ìbejì kéékèèké nínú igbó? Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Kélébè ni mo ti pa ejò nígbà kan. Tó bá di dandan, ẹ ro igbó yíká ilé, ẹ má sì kó igi ìdáná ti ògiri.

Ọmọ Súfèyọ̀:
Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìwé ilẹ̀ ńkọ́? Láti ìgbà tí òfin ilẹ̀ ọdún 1978 ti dé, ọwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà, rìsíìtì mọ̀lẹ́bí nìkan ò tó. Ẹ ṣe súfè, ìyẹn ni pé kí wọ́n wọn ilẹ̀ náà fún yín. Ẹ sì rántí pé abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dọ̀rẹ́ ni Òkìnní wà, kì í ṣe Òṣogbo. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ti ọ́fíìsì kan lọ sí òmíràn nítorí ìyẹn.

Aládùúgbò Òkìnní:
Ẹ kọ́kọ́ lọ rí ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù. Àwọn ló mọ iye tó kù lórí póòlù àti tiransifọ́mà, wọ́n á sì bu tiyín fún yín. Ti alẹ́, ẹ mú ọlọ́kadà kan tó ń gbé àdúgbò níbẹ̀, kó máa wá gbé yín lójoojúmọ́.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin èèyàn mi. Lánlọ́ọ̀dù gbà kí n san ti oṣù mẹ́ta. Súfè ti wà. Kànga la máa fi oṣù mẹ́ta náà gbẹ́, ẹ̀ẹ̀rùn la ṣáà wà. Màmá Àgbà, mo ti sọ ti ejò fún Bàbá Ìbejì. Ó ní òun náà á ra àdá.