Èsì: "Àjogúnbá Ọlọ́run" kẹ̀? Ta ló kú?

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìjókòó.

Mo ti ka ohun tí ọ̀gá wa kọ lánàá, pé kí a pa "ìní" tì, kí a máa pe naḥalah inú Bíbélì Hébérù, ọ̀rọ̀ fún ilẹ̀ tàbí ohun tó jẹ́ ìpín ẹni, ní "àjogúnbá Ọlọ́run", nítorí pé ìní ti di ọ̀rọ̀ báǹkì àti ti àwọn alájàpá ilẹ̀. Ọ̀gá, mo dọ̀bálẹ̀ o. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, inú mi ò dùn sí i rárá.

Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀. À, jẹ, ogún, bá. Ẹni tó bá jẹ ogún, ẹnì kan ti kú kó tó jẹ ẹ́. Bí bàbá bá wà láàyè tó gé ilẹ̀ fún ọmọ, ẹ̀bùn là ń pè é. Ẹni tó bá ní ọmọ náà ti jogún, àwọn àgbà á ní kó tutọ́ dànù. "Bá" tó wà nídìí ọ̀rọ̀ ló wá burú jù: nǹkan ti wà nílẹ̀, ẹni náà wá bá a. Kí sì ni etí wa ti mọ̀ mọ́ àjogúnbá? Àrùn àjogúnbá. Ìjà àjogúnbá. Èyí la fẹ́ gbé fún Ẹlẹ́dàá?

Ẹ wo Diutarónómì 32:9: ìpín Olúwa ni àwọn ènìyàn rẹ̀, Jákọ́bù ni ìpín ìní rẹ̀. Ẹsẹ 8 tó ṣáájú rẹ̀ sọ pé Ọ̀gá Ògo ló ń pín àwọn orílẹ̀-èdè. Ẹni tó ń pín nǹkan kò kú. Sáàmù 82:8 ńkọ́? Nāḥal, ọ̀rọ̀ ìṣe tó bá naḥalah tan, ni wọ́n lò fún Ọlọ́run lórí gbogbo orílẹ̀-èdè. Lọ́wọ́ òkú wo ni yóò ti jogún wọn?

Àbúrò wa tó fèsì láti London ní Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, tó ṣáájú nínú títúmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, fúnra rẹ̀ lo "ogún". Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ wo ibi tó ti lò ó. Nábótì ń bá Áhábù sọ̀rọ̀ ọgbà àjàrà nínú 1 Àwọn Ọba 21, ó ní Olúwa má jẹ́ kí òun fi ogún àwọn bàbá òun fún un. Àwọn bàbá ti kú, ogún ni.  Ṣùgbọ́n nígbà tó dé Sáàmù 127:3, níbi tí Hébérù ti wí gbangba pé naḥalat Olúwa (naḥalah yẹn náà ni) ni àwọn ọmọ, "ìní Olúwa" ni Bíbélì Yorùbá 1884 fi sí i. Kò sí ẹni tó kú níbẹ̀. Àwọn baba yẹn gbọ́ Yorùbá.

Ohun tó dùn mí jù ni okùn tí gbogbo yín fò kọjá. Nínú Diutarónómì 32:9 yẹn, ọ̀rọ̀ tí a pè ní "ìpín" lẹ́ẹ̀kejì, ḥevel ni, okùn sì ni ḥevel, okùn tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀. Òun náà ló wà ní Sáàmù 16:6, níbi tí Crowther ti jẹ́ kó hàn: "okùn títa bọ́ sọ́dọ̀ mi ní ibi dáradára". Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń pín oko bàbá bàbá mi. Ìdí igi ni wọ́n fi pín in, ìyàwó mẹ́ta, ọ̀nà mẹ́ta. Bàbá mi àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, di okùn mú lápá kan, àbúrò wọn fà á lọ sísàlẹ̀ títí ó fi le dan-in, wọ́n sì ri pèrègún mọ́lẹ̀ níbi tó parí sí. Wọ́n ní, "Ibi okùn dé nìyí." Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ ohun tí onísáàmù ń wí. Ṣé nínú àjogúnbá la ti fẹ́ rí okùn yìí?

Mo gbà fún ọ̀gá níbì kan. "Ní" tó wà nínú ìní, ohùn òkè ni, ó sì lè máa rùn bí owó létí ọmọ ìsinsìnyí. Ṣùgbọ́n Yorùbá ní "ni" mìíràn, olóhùn àárín. Ẹ gbọ́ ọ: Ọlọ́run ló ni mí. "Mí" tó gòkè lẹ́yìn rẹ̀ ló ń jẹ́rìí pé kì í ṣe "ní" ti ẹni tó ní owó. Hébérù kò tilẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ìṣe tó dúró fún "ní". Le- ni wọ́n ń lò, bí "ti" tiwa. Áísáyà 44:5, la-YHWH ani: ti Olúwa ni èmi. Ẹ pe Tolúwanimí níta, kí ẹ wo iye ọmọ tí yóò dáhùn.

Ìyá wa tó sọ pé orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì ayé òde òní ni Tolúwanimí, ẹ má bínú, mi ò gbà. Ẹ jẹ́ ká ya ìyẹn sọ́tọ̀ di ọjọ́ mìíràn. Ẹni tó sì ń fi ìwé ẹ̀rí yunifásítì halẹ̀ mọ́ wa, bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Ti segullah inú Ẹ́kísódù 19:5, ọ̀rọ̀ Hébérù mìíràn fún ohun iyebíye tó jẹ́ tẹni, "ìṣúra" tó wà níbẹ̀ tó mi. Nínú 1 Kíróníkà 29:3, òun ni wúrà àti fàdákà tí Dáfídì fúnra rẹ̀ tọ́jú, tó kó sílẹ̀ fún ilé Ọlọ́run. Ohun tí ọba fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó pamọ́ ni, kò jogún un.

Ẹ jọ̀wọ́, ta ló mọ orúkọ tí àwọn àgbà ń pe okùn ìwọnlẹ̀ yẹn gan-an? Bàbá mi àgbà ní orúkọ kan fún un, mo sì ti gbàgbé rẹ̀. Ará Ìjẹ̀bú, ará Èkìtì, ẹ bá mi bi àwọn tó ṣì wà nílé.