Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé ká gbé Màmá wọ ọkọ̀ ojú omi?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ mi fẹ́ ká háyà narrowboat, ọkọ̀ omi tóóró tí èèyàn lè sùn nínú rẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù kẹjọ, ká máa rọra gba orí kànáálì, odò tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́, lọ. Àwọn ọmọ wa ṣì kéré, ìyá ọkọ mi sì ń bọ̀ láti Ìbàdàn. Orúnkún ń dùn wọ́n, ẹ̀rù omi sì ń bà wọ́n. Àwa méjèèjì ò wa ọkọ̀ omi rí. Ibo ló rọrùn jù?

Ìyá Ìbejì:
Ìyàwó wa, ẹ lọ o! Kànáálì Kennet and Avon ní gúúsù England ni kí ẹ gbà. Láti ìsàlẹ̀ lọ́ọ̀kù (ibi tí wọ́n ti ń ṣí ilẹ̀kùn omi kí ọkọ̀ lè gòkè tàbí sọ̀ kalẹ̀) ìlú Bradford-on-Avon títí dé etí ìlú Bath, bíi máìlì 9, ẹ ò ní bá lọ́ọ̀kù kankan pàdé. Ní Dundas, afárá òkúta ló gbé kànáálì fúnra rẹ̀ kọjá lórí odò Avon. Inú ọkọ̀ lẹ ó wà tí ẹ ó máa wo odò mìíràn nísàlẹ̀. Ẹ so ọkọ̀ sétí Bath, kí ẹ fẹsẹ̀ wọ̀lú. Ẹ má kọrí sí ìlú Devizes rárá: lọ́ọ̀kù 29 ló tò síbẹ̀, àgbà tí orúnkún ń dùn kò nílò wàhálà yẹn. Widebeam, irú ọkọ̀ tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni kí ẹ béèrè, torí narrowboat ò fẹ̀ ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 7 lọ.

Bàbá Àjọkẹ́:
Wọn kì í béèrè ìwé àṣẹ ìtukọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá háyà ọkọ̀. Wọ́n á kọ́ yín kí ẹ tó gbéra. Máìlì 4 ní wákàtí kan ni eré tó pọ̀ jù. Tí ẹ bá ti ọ̀pá ìtukọ̀ sósì, ọ̀tún ni imú ọkọ̀ ń yà sí, kì í sì í tètè dáhùn. Ẹni tó bá kánjú tún un tì, bèbè ló máa lọ gbá. Ọ̀tún lẹ ó yà sí tí ọkọ̀ bá ń bọ̀ níwájú. Tí ẹ bá ń kọjá lára ọkọ̀ tí wọ́n so, ẹ dín eré kù gidigidi, ilé onílé ni.

Àdùkẹ́:
Tèmi dórí Màmá. Iwájú ọkọ̀ ni màmá tèmi jókòó sí, tí wọ́n fi ìborùn bo èjìká, tí wọ́n ń kí gbogbo ẹni tó ń rìn létí omi: "Ẹ kú ìrìn o!" Ẹ̀rù tán. Ẹ wọ ẹ̀wù ààbò omi fáwọn ọmọ, kí wọ́n má sì na ọwọ́ síta. Ẹ gbé èlùbọ́ àti ẹja gbígbẹ dání.

Ẹni tó béèrè:
Ẹ ṣé gan-an ni. Àtẹ̀gùn ibi tí wọ́n ń gbà wọlé ńkọ́? Ṣé ó ní ohun tí Màmá lè dì mú?

Ìyá Ìbejì:
Ọkọ̀ kan yàtọ̀ sí èkejì. Ẹ ní kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ kí ẹ tó sanwó.