Alẹ́ tí Màmá Bẹ́ẹ̀dì Kọkànlá pè mí

Ó pé ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin, ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ kan. Àwa mẹ́rìnlá la wà lórí rọ́sítà nígbà tí mo dé. Lónìí, a ku mẹ́fà. Mẹ́rin wà ní Ìlú Ọba, méjì wà ní Saudi, ẹnì kan fẹ̀yìn tì, ẹnì kan sì fiṣẹ́ sílẹ̀ tó ń ta aṣọ ọmọdé. Wọn ò fi ẹnikẹ́ni rọ́pò wọn.

Tí wọ́n bá ń sọ ohun tó ń dá àwa nọ́ọ̀sì lágara, owó ni gbogbo ayé máa ń kọ́kọ́ sọ. Lóòótọ́ owó ò tó, àmọ́ kì í ṣe òun ló wó mi lulẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, èmi àti nọ́ọ̀sì kékeré kan la jọ wà lórí dútì. Aláìsàn 31 ló wà nílẹ̀. Ní nǹkan bí aago kan òru, ẹ̀jẹ̀ tí dọ́kítà ní ká fà sí ọmọbìnrin kan lára dé. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, o ò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 àkọ́kọ́, torí ara lè kọ̀ ọ́ lójijì. Mo di ọwọ́ ọmọ náà mú, mo ń ka bí iṣan rẹ̀ ṣe ń lù. Èkejì mi wà ní ìsàlẹ̀ wọ́ọ̀dù, lọ́dọ̀ ẹni tí èémí ń nira fún.

Màmá bẹ́ẹ̀dì kọkànlá ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé póò." Mo ní, "Màmá, ẹ ṣe sùúrù, mò ń bọ̀." Wọ́n tún pè. Nígbà tí wọ́n pè lẹ́ẹ̀kẹta, ohùn wọn ti lọ sílẹ̀.

Kí n tó débẹ̀, wọ́n ti tọ̀ sára. Wọ́n fi ìró bo ojú ibẹ̀ kí àwọn tó kù má bàa rí i. Wọ́n ní, "Má bínú, ọmọ mi, mo rí i pé ò ń sáré." Àwọn ló wá ń bẹ èmi! Mo nù wọ́n lára, mo pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, mo wá wọ yàrá tí a ń kó oògùn sí, mo sunkún.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ọmọ wọn ní àwa nọ́ọ̀sì ò lójú àánú. Mi ò fèsì.

Láti ìgbà náà ni àárẹ̀ kan ti wà lára mi tí oorun ò mú lọ. Ọmọ mi ní mo máa ń dáhùn "mò ń bọ̀" lójú oorun.

Ní oṣù kejì ọdún 2024, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Nàìjíríà ní a gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ọdún méjì kí wọ́n tó lè jẹ́rìí sí ìwé wa fún òkè òkun. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọn ò pa iná tó ń jó nínú ilé. Ní July 30, 2025, a bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ìkìlọ̀ ọlọ́jọ́ méje. Kí wọ́n gba nọ́ọ̀sì sí i wà lára ohun tí a béèrè. Ẹgbẹ́ àwa nọ́ọ̀sì dá a dúró lọ́jọ́ kẹrin. Rọ́sítà tiwa ò gùn sí i.

Nọ́ọ̀sì kékeré yẹn ti ń kàwé ìdánwò òkè òkun báyìí. Mo ń bá a gbàdúrà kó yege, tọkàntọkàn. Tó bá lọ, àwa márùn-ún la máa kù.