Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: AR kúkúrú tó ní brace, ṣé kí n rà á?

ỌmọÒkeÒgùn, Houston

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ ìbọn ni mo bá wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe ní ilé ìwòsàn kan ní Houston níbí, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wa méjì ló máa ń dá wà nílé. Lóṣù tó kọjá, olè fọ́ ilé aládùúgbò wa ní aago méjì òru. Láti ọjọ́ náà, ìyàwó mi ò sùn dáadáa mọ́. Bí mo bá sì wà lẹ́nu iṣẹ́, ara fóònù ni ojú mi máa ń wà.

Ní Sátidé, mo lọ síbi tí wọ́n ti ń pàtẹ ìbọn. Ọkùnrin kan gbé ọ̀kan lé mi lọ́wọ́: AR ni, bíi ti àwọn ṣójà, àmọ́ ó kúrú. Ọ̀pá rẹ̀ ò ju ínǹṣì 7.5 lọ. Lẹ́yìn, níbi tó yẹ kí ìdí ìbọn wà, ohun kan bíi rọ́bà tó là sí méjì ló wà níbẹ̀, okùn sì wà lára rẹ̀. Ó ní brace ni wọ́n ń pè é, pé ńṣe ni wọ́n ń dè é mọ́ apá. Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́, òun fúnra rẹ̀ ti gbé e lé èjìká. Ó ní, "Lójú òfin, ìbọn ìléwọ́ ni, kò sí wàhálà." $750 ló pè é, ó ní òun á tún fi ìdìmú kan sí abẹ́ iwájú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìbọn náà wù mí, n ò ní purọ́. Ọdẹ ni bàbá tó bí bàbá mi ní Ìgbòho, ṣakabùlà rẹ̀ ga jù mí lọ nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Eléyìí, inú báàgì tí mo fi ń gbé aṣọ iṣẹ́ ló máa wọ̀. Àmọ́ green card ni mo ní, ó ṣì ku ọdún méjì kí n tó lè béèrè láti di ọmọ onílùú. Ṣé lóòótọ́ ni pé kò sí wàhálà?

ÌyáÌbejì, Chicago

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á máa ṣọ́ ilé yín. N ò mọ òfin Texas, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa ní Illinois, ẹ má gbé e wá. January 10, 2023 ni gómìnà wa fọwọ́ sí òfin tó ka irú AR kúkúrú bẹ́ẹ̀ léèwọ̀, wọ́n tiẹ̀ dárúkọ brace nínú rẹ̀. Àbúrò ọkọ mi wakọ̀ wá síbi ìsìnkú láti Dallas, ìbọn rẹ̀ wà nínú búùtù. Ọkàn wa ò balẹ̀ fún gbogbo ọjọ́ mẹ́ta tó lò, títí ó fi padà délé.

BàbáỌlọ́dẹ, Dallas

Àbúrò mi, mo ti ka ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní irú ìbọn yẹn, 2019 ni mo rà á, nítorí náà ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Kí n kọ́kọ́ mú èyí tó lè kó ọ sí gbaga kíákíá: ìdìmú tó ní òun á fi sí iwájú lọ́fẹ̀ẹ́ yẹn. Lójú òfin ìjọba àpapọ̀, ìbọn ìléwọ́ ni èyí tí wọ́n ṣe kí èèyàn lè fi ọwọ́ kan yìn ín. Bí o bá fi ìdìmú tó nàró kún un níwájú, tí gbogbo gígùn ìbọn náà ò sì tó ínǹṣì 26, kì í ṣe ìbọn ìléwọ́ lásán mọ́. Ó ti bọ́ sábẹ́ òfin 1934 tó ní kí èèyàn forúkọ irú àwọn ìbọn kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, o sì gbọ́dọ̀ ti gbàṣẹ kó o tó fi í sí i. AR tí ọ̀pá rẹ̀ jẹ́ 7.5 kì í sábà tó 26. Ọ̀rọ̀ brace ò tíì délẹ̀ rárá, ẹ̀ṣẹ̀ ti wáyé. Bóyá ọkùnrin yẹn ò mọ̀ ni o, bóyá ó mọ̀ ó sì dákẹ́, má gba ìmọ̀ òfin lẹ́nu rẹ̀.

Ìdí tí ìbọn yìí fi ń wu èèyàn yé mi dáadáa. Ìbọn ìléwọ́ lásán, ọwọ́ nìkan ló gbé e ró, ẹni tí àyà rẹ̀ ń já á tàsé. Ìbọn gígùn fara ti èjìká, ó dúró ṣinṣin, àmọ́ gbé e gba ọ̀nà tóóró tó wà láàárín yàrá, ẹnu rẹ̀ á ti yọ síta kí ìwọ fúnra rẹ tó dé ẹnu ilẹ̀kùn. AR kúkúrú wà láàárín àwọn méjèèjì. Mágásíìnì AR ńlá wọ̀ ọ́, ọta kan náà ni. Ráífù kúkúrú, ìyẹn ráífù tí ọ̀pá rẹ̀ ò tó ínǹṣì 16, tó wà nínú ìwé ìjọba gbọ́dọ̀ gbàṣẹ kó tó kọjá láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn. Ìbọn ìléwọ́ ò nílò irú àṣẹ yẹn.

Ṣùgbọ́n 7.5! Ọ̀pá M16 tí àwọn ṣójà kọ́kọ́ gbé tó ínǹṣì 20. Nínú 7.5, ẹ̀tù inú 5.56, ọta tí AR ń yìn, kì í jó tán kí ọta tó jáde, èyí tó kù á wá jó níta, á di bọ́ọ̀lù iná àti ariwo tó ń gbá èèyàn láyà. Mo yìn ín lẹ́ẹ̀kan láìdí etí ní pápá ìyìnbọn, etí mi ń hó di ọjọ́ kejì. Inú ilé tí ọmọ méjì ń sùn ńkọ́? Ẹni tí kúkúrú bá wù, .300 Blackout ló yẹ ẹ́, torí ọ̀pá kúkúrú ni wọ́n rò kí wọ́n tó ṣe ọta náà.

Ibi tí òfin ti dojú rú nìyí. Lọ́dún 1934, àwọn aṣòfin fẹ́ kí gbogbo ìbọn ìléwọ́ wà lára ohun tí èèyàn gbọ́dọ̀ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kó sì san owó orí lé e lórí. Kí ẹnikẹ́ni má baà gé ìbọn gígùn kúrú láti fi yẹ òfin náà sílẹ̀, wọ́n fi ráífù kúkúrú kún un. Nígbà tó yá, wọ́n yọ ìbọn ìléwọ́ kúrò, wọn ò sì yọ ráífù kúkúrú àti $200 tí wọ́n ń san lé e lórí. Wọ́n wó ilé, wọ́n fi ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ ní títì pa. Títí dòní, ráífù tí ọ̀pá rẹ̀ ò tó ínǹṣì 16, tí kò sì sí nínú ìwé ìjọba, lè fa ẹ̀wọ̀n ọdún 10.

Ní 2012, Alex Bosco, tó ti ṣiṣẹ́ ológun rí, ṣe brace kí ológun tó ti di abirùn lè fi ọwọ́ kan yìn AR. ATF tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ìbọn kọ lẹ́tà pé brace ò sọ ìbọn ìléwọ́ di ráífù. Ní January 2015, wọ́n ní bí o bá gbé e lé èjìká, o ti sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Ní March 2017, wọ́n tún ní gbígbé e lé èjìká nìkan ò tó láti yí i padà. Ní January 31, 2023, ìlànà tuntun jáde: ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ti di ráífù kúkúrú, ọjọ́ 120 ló wà láti forúkọ sílẹ̀, tàbí kí o tú brace náà kúrò, tàbí kí o ba ìbọn náà jẹ́, tàbí kí o kó o fún ìjọba. Tèmi wà nínú àpótí irin ní gbogbo ìgbà yẹn. N ò fọwọ́ kàn án, orúkọ rẹ̀ sì ń yí padà.

Mo rántí òru kan ní May 2023, nígbà tí mo fẹ́ forúkọ ìbọn náà sílẹ̀. Ìyàwó mi ní kí n dúró síbi ògiri funfun, ó ya fọ́tò mi, mo wá jókòó ti tábìlì ìdáná, mo ń tẹ̀ka bí ọ̀daràn. Ẹni ọdún 58 ni mí, n kò dé àgọ́ ọlọ́pàá rí láyé mi. Nǹkan bí 250,000 ìwé ni wọ́n rí gbà jákèjádò orílẹ̀-èdè, bẹ́ẹ̀ ìjọba fúnra rẹ̀ ṣírò pé brace tó wà níta tó mílíọ̀nù 3. Ní June 13, 2024, Adájọ́ Reed O'Connor ní Texas níbí fagi lé ìlànà náà, nígbà tó sì di 2025, ìjọba jáwọ́ nínú ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn.

Bí èmi bá ṣìnà, ọmọ onílùú ni mí: lọ́yà, owó ìtanràn, bóyá ẹ̀wọ̀n. Ìwọ ńkọ́? Òfin tó ń darí àwọn àlejò sọ ọ́ gbangba pé ẹni tí kì í ṣe ọmọ onílùú, tí ilé ẹjọ́ bá dá lẹ́bi pé ó ní ìbọn lọ́nà tí kò tọ́, wọ́n lè lé e kúrò nílùú. Òfin gbà kí ìwọ tó ní green card ra ìbọn, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé kò gbà. Ra ráífù tí ọ̀pá rẹ̀ jẹ́ 16, tàbí ìbọn ìléwọ́ 9mm lásán. Bí kúkúrú bá wù ọ́ dandan, láti January 1, 2026, $200 yẹn ti kúrò lórí ráífù kúkúrú, ìforúkọsílẹ̀ ló kù. Jẹ́ kí ìwé àṣẹ tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́ ná.

Àlàbí, Atlanta

Ẹ̀gbọ́n, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ ń dẹ́rù ba ọmọkùnrin yìí. Ìlànà yẹn ti kú. Gbangba ni wọ́n ń ta brace. Ní 1992, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ nínú ẹjọ́ Thompson/Center, ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ìbọn, pé bí òfin yìí ò bá ṣe kedere, ẹni tí wọ́n fẹ́ fìyà jẹ ni kí wọ́n gbè. Èmi ní méjì, mo sì ń gbé e lé èjìká lójú ọlọ́pàá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní pápá ìyìnbọn.

BàbáỌlọ́dẹ, Dallas

Àlàbí, o ò purọ́. Àmọ́ ìlànà 2023 ló kú, òfin 1934 ò kú. Ó ṣì wà níbẹ̀ pé ìbọn tí wọ́n ṣe kí wọ́n lè yìn ín láti èjìká, tí ọ̀pá rẹ̀ ò tó 16, ráífù kúkúrú ni. Ta ló máa sọ bóyá tìẹ jẹ́ bẹ́ẹ̀? Adájọ́ ni, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti mú ọ.

Ṣé o rántí bí Thompson/Center ṣe jà? Wọ́n kọ́kọ́ san $200 náà lórí ìbọn kan ṣoṣo, wọ́n wá pe ìjọba lẹ́jọ́ pé kí wọ́n dá owó wọn padà. Ilé iṣẹ́ tó lówó lọ́yà lọ́wọ́ ni wọ́n o, síbẹ̀ wọ́n ṣe ohun tí òfin ní kí wọ́n ṣe kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn. Ọmọ tó ń dúró de ìwé ọmọ onílùú lo fẹ́ kó fi ara rẹ̀ dán an wò.

ÌyáTọ́lá, Katy

Nọ́ọ̀sì ni èmi náà, mo mọ bí iṣẹ́ alẹ́ ṣe rí. Ẹ̀yin ọkùnrin ti sọ̀rọ̀ ínǹṣì tó. Ìyàwó rẹ̀ ló máa wà nílé, ṣé ó ti di irú ìbọn yẹn mú rí? Ohun mìíràn: ní Texas, bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 bá rí ọ̀nà dé ìdí ìbọn tó lọ́ta nínú, torí pé ẹ ò tì í pa, ẹ̀yin òbí ló máa jẹ́jọ́. Ẹ ra àpótí irin kí ẹ tó ra ìbọn.

ỌmọÒkeÒgùn, Houston

Ẹ ṣé gan-an, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo pe ọkùnrin yẹn, mo ní kó fi téépù wọn ìbọn náà fún mi láti orí dé ìdí. Ó ní ínǹṣì 24. Mo bi í nípa ìdìmú iwájú, ó ní gbogbo èèyàn ló ń fi í sí i. Mo ní ó dàbọ̀.

Lánàá, mo mú ìyàwó mi lọ sí pápá ìyìnbọn. Ó yìn mẹ́ta wò, ó sì yan èyí tó tẹ́ ẹ lọ́rùn: ráífù 9mm tí ọ̀pá rẹ̀ jẹ́ 16. Àpótí irin á dé ní Ọjọ́bọ̀. Ẹ̀gbọ́n Dallas, mo ti fi nọ́ńbà mi ránṣẹ́ sí yín níkọ̀kọ̀, mo fẹ́ kí ẹ bá mi wo ìwé tí wọ́n ní kí n kọ ní ilé ìtajà, ibi tí wọ́n ti ń béèrè nọ́ńbà green card, kí n tó fọwọ́ sí i.