Iná táyà ń tàn ń kú, MOT mi sì di Ọjọ́bọ̀

Ìyá Ìbejì, Manchester: Èkìtì kete o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Láti ọjọ́ Àìkú ni iná táyà inú ọkọ̀ mi ti ń ṣe tàn kú tàn kú bí mo bá ti sítáàtì ẹ̀, á ṣe bẹ́ẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan, á wá dúró, kò ní kú mọ́. Mo ti fẹ́ atẹ́gùn sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pàbó ló já sí. Ọkọ̀ 2014 ni. Àwọn géréèjì ní bátìrì sẹ́ńsọ̀, ìyẹn nǹkan kékeré inú táyà tó ń wọn atẹ́gùn, ló kú, pé wọn kì í yí bátìrì, àfi kí n ra sẹ́ńsọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tuntun. Ọjọ́bọ̀ ni MOT mi, àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún! Ṣé òótọ́ ni, àbí wọ́n fẹ́ lù mí ní jìbìtì ni?

Bọ̀dá Ìkẹ́rẹ́, Leeds: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Tó bá jẹ́ atẹ́gùn ló kéré, iná yẹn á kàn tàn ni, kò ní máa ṣẹ́jú. Ọdún 5 sí 10 ni bátìrì yẹn ń lò, tiyín ti lo tiẹ̀. MOT ò sì ní gbójú fò ó, ọkọ̀ tó bá ti wọ títì láti 1 January 2012 ni wọ́n ń dá padà fún un. Ẹ ṣáà má ṣe bíi tèmi o. Àbúrò mi fi sẹ́ńsọ̀ ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, owó ẹ̀ ò tó nǹkan, inú mi ń dùn, wọ́n dè é tán, ọkọ̀ ò rí i rárá. Ìgbì rédíò tí sẹ́ńsọ̀ fi ń bá ọkọ̀ sọ̀rọ̀ ló yàtọ̀: 315 MHz ni tiwọn, 433 ni tiwa níbí. Mo tún san owó títú táyà lẹ́ẹ̀kejì.

Ọmọ Ìjerò, Winnipeg: Ó ṣeé yí jàre! Mo fi ọ̀bẹ họ gọ́ọ̀mù líle tí wọ́n fi bo bátìrì ẹ̀, mo fi áyọ̀n yọ́ òjé, mo fi lẹ bátìrì tuntun mọ́ ọn, mo tún fi gọ́ọ̀mù bò ó padà. Ó ṣiṣẹ́ o, oṣù mẹ́ta. Ìgbà tó yá ni mo ń gbọ́ kòó kòó kòó nínú táyà, bátìrì ti já, ó ń yí kiri nínú ibẹ̀. Táyà tuntun ni mo rà.

Àǹtí Ìdó, Houston: Ta ló ní kó o gé e? Nǹkan tí wọ́n dì pa kí omi má baà wọ̀ ọ́, o lọ fi ọ̀bẹ họ ọ́.

Bọ̀dá Ìkẹ́rẹ́, Leeds: Rárá Àǹtí, gígé kọ́ ni àṣìṣe ẹ̀. Bátìrì aago lásán ló fi síbẹ̀. Ooru inú táyà kì í ṣe kékeré, àwọn tó ṣe sẹ́ńsọ̀ máa ń lo èyí tó lè gba ooru 125°C.

Àǹtí Ìdó, Houston: Gígé ni! Bó fi bátìrì wúrà síbẹ̀, gọ́ọ̀mù tó fi ọwọ́ bò kò lè dà bíi ti ilé iṣẹ́. Tó bá já lórí eré máílì 70 ní wákàtí kan ńkọ́?

Ọmọ Ìjerò, Winnipeg: Ẹ má bínú mà. Àmọ́ ooru wo ni Winnipeg ní 😂 òtútù -30 ni bátìrì mi kú sí. Ẹ̀yin Houston ò mọ̀ ọ́n, bí ooru bá fi bíi 6°C wálẹ̀, psi kan (òṣùwọ̀n atẹ́gùn táyà) ti lọ nìyẹn, àràárọ̀ ni mo ń fẹ́ táyà.

Àǹtí Ìdó, Houston: Ta ló rán ẹ lọ síbẹ̀? Wá sí Houston, wá rí oòrùn bíi ti Adó.

Bọ̀dá Ìkẹ́rẹ́, Leeds: Fọkanáísà kan wà ní Ìkẹ́rẹ́ nígbà tí mo wà ní kékeré, á kàn fi irin gbá táyà, á tẹ́tí, á ní ọ̀kan yìí ò yó. Kò lo sẹ́ńsọ̀ kankan. Bọ́ọ̀sì tó bá ń lọ Àkúrẹ́ kò ní kọjá láìdúró lọ́dọ̀ ẹ̀.

Ọmọ Ìjerò, Winnipeg: Kí ẹ̀yin Ìkẹ́rẹ́ ṣáà ti fi iyán sílẹ̀ fún Ìjerò, ẹ máa mú fọkanáísà.

Bọ̀dá Ìkẹ́rẹ́, Leeds: Iyán kẹ̀? Èyí tí màmá mi ń gún, odó á máa dún dé ìsàlẹ̀ òkè Olósùnta, ata ẹ̀gúsí pẹ̀lú ẹran ìgbẹ́. Ọdún 7 rèé tí mo ti jẹ ẹ́ gbẹ̀yìn. Pọ́ńdò, ìyẹ̀fun iṣu, ni mò ń rò níbí.

Àǹtí Ìdó, Houston: Ẹ dákẹ́, ẹ̀ ń mú mi sunkún lẹ́nu iṣẹ́.

Ìyá Ìbejì, Manchester: Ẹ jọ̀ọ́, tèmi ńkọ́? Ṣé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí n rà àbí ẹyọ kan?

Bọ̀dá Ìkẹ́rẹ́, Leeds: Ẹ má bínú mà. Ẹ ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ wò ó kí ẹ mọ èyí tó kú. Kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà tí ọkọ̀ fi ń dá sẹ́ńsọ̀ àtijọ́ mọ̀ sínú tuntun, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á gbà á wẹ́rẹ́. Ti pé ọ̀kan ni àbí mẹ́rin, ọjọ́ orí kan náà ni gbogbo wọn…

Ọmọ Ìjerò, Winnipeg: Ọ̀kan ni kẹ́ ẹ rà mà.

Àǹtí Ìdó, Houston: Mẹ́rin ni! Má gbọ́ tiẹ̀, òun ló gé tiẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Manchester: Háà. Bọ̀dá, ilé ìtajà wo lẹ ti ń rí pọ́ńdò rà ní Leeds?