Olówó ni kí n gbé síwájú ni, àbí ayàwòrán?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mò ń kọ àpilẹ̀kọ lórí àwọn tó náwó sórí iṣẹ́ ọnà ní ìlú Florence, ní Italy, láyé àtijọ́. Ìdílé Medici, àwọn olówó ńlá ìlú náà, ni gbogbo ènìyàn ń dárúkọ, ṣùgbọ́n àdéhùn tí ayàwòrán Domenico Ghirlandaio bá ilé àwọn ọmọ àgbésọnù ìlú náà ṣe lọ́dún 1485 ló gbà mí lọ́kàn. Florin (owó wúrà ìlú náà) 115 ni owó iṣẹ́, ọ̀dà búlúù rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ojúlówó, irú èyí tí wọ́n ń ta ní nǹkan bíi florin 4 fún ìwọ̀n áúńsì kan. Àní ọ̀dà pàápàá, ẹni tó ń sanwó ló ń yàn án! Ó yà mí lẹ́nu gan-an.

Ta ni kí n wá gbé síwájú? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọ irú rẹ̀ rí, báwo lẹ ṣe gbé e kalẹ̀?